Ikọ́ Tí Àlàájì Gbé Bọ̀ Láti Mẹ́kà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ… rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Mo ti bímọ nígbà náà. Ìwọ gan-an ni mo bí. Múínà, jókòó dáadáa, má jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í tán ní gáréèjì. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á máa kún.

O ní o wá dágbére fún mi. O ṣeun. Ọlọ́hun á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lẹ́ẹ̀kan, tí o fi ń rẹ́rìn-ín, òun ni mi ò lè gbé mì. O ní nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé kí ẹ̀yin tó ń lọ Mẹ́kà gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn líle, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ìfúlúẹ́ńsà. O ní o ti gba èyí tí wọ́n ní ó pọn dandan, pé apá rẹ kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ ń rán. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò purọ́. O tún ní bí o bá ti dé, ìwọ ni wàá fi èso dàbínù Mẹ́kà kan ọmọ-ọmọ rẹ tuntun lẹ́nu. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Gbọ́.

Ilé yìí náà là ń gbé nígbà yẹn, kò ju kí èèyàn rìn díẹ̀ kó dé Ọjà Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n kò rí báyìí. Ògiri amọ̀ ni. Yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo ẹnu ọ̀nà kọjú síra wọn. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Lónìí ńkọ́? Oníkálukú pẹ̀lú géètì rẹ̀. Èèyàn á ṣàìsàn, á gbádùn, aládùúgbò rẹ̀ ò ní mọ̀. Mi ò ní ó dára, mi ò ní kò dára. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Àlùbọ́sà ni mò ń tà. Ìyá ọkọ mi ló fi mí sídìí rẹ̀. Ìyá Ìrèsà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, torí pé Ìrèsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá sí Ọ̀yọ́. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Ohùn wọn kì í sókè. Ọmọkùnrin méjì ló kù fún wọn láyé: bàbá rẹ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí à ń pè ní Baba Ganíyù.

Baba Ganíyù yìí ló kọ́kọ́ lọ Mẹ́kà nínú ìdílé wa. Ẹni àkọ́kọ́! Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Lónìí ẹ máa ń lọ bí ẹni ń lọ Ìlọrin. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá ń lọ, gbogbo ilé ló ń lọ. A gba ààwẹ̀ fún un, a fi àgbò ṣe sàráà. Abẹ́rẹ́ náà, ó gbà á kó tó lọ. Mo rántí bó ṣe ń fi ọwọ́ kejì pa apá tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àrùn mìíràn ni. Ti ọ̀fìnkìn yìí, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ó wà lọ́hùn-ún nígbà tí mo bí ọ. A sọ ọ́ lórúkọ, Múínátù. Ìyá ọkọ mi fún ọ ní oríkì, Àṣàkẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́kù tí a ò ṣe. O mọ àṣà yẹn: àgbà tó jẹ́ ẹni Ọlọ́hun á jẹ dàbínù títí á fi rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á fi ìka mú díẹ̀ níbẹ̀, á fi pa ọmọ tuntun ní àjà ẹnu, kí ayé ọmọ náà lè dùn. Àlùfáà tó sọ ọ́ lórúkọ ló yẹ kó ṣe é. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹnu ta ló tún mọ́ ju ti ẹni tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà lọ? Ẹ jẹ́ kí Àlàájì dé." Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Èmi náà ní òótọ́ ni. Ọmọ méjì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáájú rẹ, Múínà. Bí ẹnì kan bá ní kí n gun òrùlé kí ìwọ lè dúró, màá gùn ún.

Ọjọ́ tó dé… háà. Bọ́ọ̀sì tó gbé e láti pápá ọkọ̀ òfuurufú kò lè dé ẹnu ọ̀nà, èrò pọ̀ jù. Àwọn obìnrin ń kọ wákà. Ó wọ jàlàbíà funfun, ó wé láwàní, díẹ̀ ló kù ká má dá a mọ̀. Ó ti rù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń húkọ́. Ó ń gbàdúrà fún ẹnì kan, ó ń húkọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ fún oríire, èmi náà fọwọ́ kàn án, ooru ara rẹ̀ sì ń jáde nínú aṣọ náà bí ooru ààrò. Wọ́n ní oòrùn Mẹ́kà ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń lọ tí kì í mú ikọ́ yẹn bọ̀, pé òun la fi ń mọ̀ pé ó débẹ̀ lóòótọ́. Ṣé o gbọ́ nǹkan? Ikọ́ di ìwé ẹ̀rí.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù bọ̀, omi mímọ́ ti ibẹ̀. Ife irin kan ni wọ́n fi ń bù ú. Ó mu, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ àgbà, Ìyá Ganíyù. Ìyá Ganíyù mu, ó gbé e fún ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ife náà ṣe ń yí àgbàlá ká, láti ẹnu dé ẹnu, àwọn tó wá láti ilé kejì náà mu níbẹ̀. Kò sí ẹni tó nu etí ife. Ta ló máa fi aṣọ nu omi Mẹ́kà dànù?

Ife náà ò tíì kàn mí nígbà tí àlùfáà pè mí. "Ìyàwó, ó yá, gbé ọmọ wá."

Baba Ganíyù ti sọ dàbínù sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Mo gbé ọ dìde. Mo ti dé àárín àgbàlá nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi. Wọn ò pariwo o.

"Ìyàwó. Dúró níbẹ̀."

Mo dúró.

"Àjàní," wọ́n fi oríkì pe ọmọ wọn, "ìgbà wo ni ikọ́ yẹn ti mú ọ?"

Baba Ganíyù fọwọ́ bo ẹnu nítorí dàbínù. "Ikọ́ lásán ni, Ìyá. Gbogbo wa la jọ ń hú u nínú ọkọ̀ òfuurufú."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa, Ìyá."

"Ó dáa. Gbé dàbínù yẹn mì. Ọlọ́hun á jẹ́ kó ṣe ọ́ lóore. Kò ní kan ọmọ yìí lẹ́nu."

Àwọn tó ń kọ wákà pa ẹnu dé. Àlùfáà ní, "Ìyá, ẹ rọra o. Omi Mẹ́kà, dàbínù Mẹ́kà, wọn kì í gbé àrùn."

Ìyá ní, "Àlùfáà, mi ò bá omi jà. Mi ò bá dàbínù jà. Ẹnu tí wọ́n gbà kọjá ni mò ń wò."

Ìyá Ganíyù kò jẹ́ dá ìyá ọkọ lóhùn ní gbangba. Ta ló jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Lónìí ẹ̀ ń fi fóònù bú ìyá ọkọ. Ó kọjú sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí ògiri. "Ìwọ ewúrẹ́ yìí," ó ní, "ẹni tí kò dé Mẹ́kà rí, kí ló mọ̀ nípa dàbínù?" Àwọn èèyàn fi ìborùn bo ẹ̀rín.

Ìyá náà kọjú sí ewúrẹ́. "Ewúrẹ́," wọ́n ní, "bá mi sọ fún olówó rẹ pé mi ò dé Mẹ́kà rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dé ibi tí ikọ́ ti kó ilé kan tán."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di yàrá mi lẹ́yìn. Ẹkún ni mò ń sun. Lójú mi, oríire ni wọ́n gbà lẹ́nu ọmọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n ní àwọn wà lọ́mọdé ní Ìrèsà, àwọn ò tíì lè ru ìkòkò omi, nígbà tí àrùn kan wọ àdúgbò. Lúkúlúkú ni wọ́n ń pè é. Àrùn tó máa ń pa adìyẹ ló ni orúkọ yẹn, wọ́n gbé e fún ti èèyàn, torí pé bí adìyẹ ṣe ń kú ni èèyàn ń kú. Ara á gbóná, ikọ́ á dé, àyà á dí, ó parí. Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ló sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé irú ìfúlúẹ́ńsà kan ni. Ìyá ò mọ orúkọ ìyẹn. Wọ́n mọ àrùn náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tó pa àwọn èèyàn wa? Ìkíni ni. Ẹnì kan ṣàìsàn, gbogbo abúlé lọ kí i. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á ní ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á fọwọ́ kàn án níwájú orí, wọ́n á bá a mu nínú igbá omi rẹ̀ kó má bàa rò pé wọ́n kórìíra òun. Wọ́n á padà sílé. Tó bá ṣe díẹ̀, àwọn náà ni wọ́n ń lọ kí."

Bàbá wọn kó wọn lọ sí abà. Ó gé ẹ̀ka igi, ó fi dí ọ̀nà. Ẹni tó bá wá kí wọn á dúró lẹ́yìn ẹ̀ka yẹn, á ké láti ọ̀hún pé, "Ẹ kú o! Ṣé àlàáfíà ni?" Bàbá á dáhùn láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, "Àlàáfíà ni! Ẹ má kọjá ibẹ̀ o!" Inú ń bí àwọn ìbátan. Wọ́n ní ó gbéraga, wọ́n ní àwọn á bá a sọ ọ́ bí àrùn bá lọ. Nígbà tí àrùn lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ bá a sọ ọ́ ò sí mọ́.

Bí Ìyá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láì sunkún, bí ẹni ń ka iye iṣu tó wà lóko. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àga gbọọrọ kan, wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Wọ́n fún mi ní ife tèmi, kẹ́ẹ̀gì omi tèmi, ọṣẹ tèmi. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀ tọ̀sán tòru kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ, kó dúró lẹ́yìn àga.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ẹnì kan á dé ibẹ̀, á ní, "Ìyàwó tí kò fẹ́ ká rí ọmọ rẹ̀, ṣé ojú mẹ́rin ló fi bí i ni?" Òmíràn á ní, "Ẹ kú ẹ̀wọ̀n o!" Bàbá rẹ pàápàá, ẹ̀yìn àga ló ń dúró. Kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó kàn ń wò wá.

Kò pẹ́. Ìyá Ganíyù ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohùn àlùfáà lọ, ẹlòmíràn ló ń pe ìrun. Àwọn tó ń bọ̀ láti Akẹ̀sán ní o máa rí àtẹ tí wọ́n fi àpò bò, o bèèrè, wọ́n á ní ara ẹni tó ni ín kò yá. Àwọn èèyàn ń ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Kápúsù kò tilẹ̀ mọ ilé ikọ́ yẹn. Wọ́n ń se àgbo, wọ́n ń fi àdí pa àyà. Wọ́n sì ń lọ kí ara wọn, Múínà. Wọ́n ò ṣíwọ́ ìkíni.

Baba Ganíyù fúnra rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀. Ta ló kù? Ìyá ni.

Mo dúró nínú yàrá mi, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìkíni ló ń pa èèyàn."

Wọ́n ní, "Mi ò lọ kí i. Omi ni mo fẹ́ fún un. Èmi ni mo bí i."

Wọ́n fi etí ìborùn bo imú, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà wọn ò sún mọ́ àga yẹn mọ́. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n á dúró sọ́nà jíjìn níwájú fèrèsé, wọ́n á ní, "Gbé e sókè kí n rí i." Màá gbé ọ sókè. Wọ́n á máa kì ọ́. Àṣàkẹ́ èyí, Àṣàkẹ́ tọ̀hún. Ọmọ ọwọ́ ò mọ nǹkan, ṣùgbọ́n o máa ń yí orí sí ibi tí ohùn náà ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lọ́jọ́ kan wọ́n kì ọ́ dé àárín, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ó tó. Fún un lọ́mú." Lọ́jọ́ kejì wọn ò wá.

Baba Ganíyù gbádùn. Ìyá Ganíyù gbádùn. Ìyá ò gbádùn. Àgbà ni wọ́n, àyà wọn kò gba irú ikọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, Baba Ganíyù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Wọ́n ní kí n gbé dàbínù mì. Mo rò pé wọ́n dójú tì mí ni." Mo ní ó yẹ kí n jáde lọ síbi òkú. Mo na ọwọ́ sí àga láti gbé e kúrò. Ṣé o mọ ẹni tó dá mi dúró? Ìyá Ganíyù ni. Ó dúró ní ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó ní, "Ìyàwó, má gbé àga yẹn kúrò. Má jẹ́ kí ikú Ìyá ṣòfò." Inú yàrá ni mo ti kí ìyá ọkọ mi pé ó dàbọ̀.

Ikọ́ náà kò wọ yàrá wa.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìyókù. O ní wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ló ń fún èèyàn ní ọ̀fìnkìn. Mo ti bi nọ́ọ̀sì tèmi. Ó ní irọ́ ni. Apá lè dùn ọ́, ara lè gbóná díẹ̀, á lọ. Ó sọ òótọ́ fún mi, kò ní ẹni tó bá gbà á kò ní ṣàìsàn rárá. Ó ní ẹni tó bá gbà á kì í sábà mú un, bó bá sì mú un, kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ó ní ọdọọdún ni àrùn náà ń pààrọ̀ aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó tún ní ó ń gba àkókò kó tó ta gbòǹgbò lára. Ìwọ ń fi í falẹ̀ di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá wà lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú, bí ẹni gbàgbé ata tó ń sáré padà sọ́jà.

O ní ti Ọlọ́hun ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o gbọ́ pé mo ní ti ẹlòmíràn ni? Ìyá Ìrèsà náà ń kírun márààrún.

O ní bí àwọn èèyàn ò bá wá dì mọ́ ọ lọ́jọ́ tí o bá dé, Mẹ́kà rẹ ò ní níyì. Iyì wo? Nígbà kòrónà, ẹ ò fọwọ́ ni? Ẹ ò bo imú ni? Kòrónà yẹ̀ díẹ̀, ẹ gbàgbé. Bí o bá dé tí ikọ́ wà lára rẹ, wọ yàrá, kí o bo imú, jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù. Kí wọ́n rí ojú rẹ níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ bá dá, kí wọ́n wá jẹun.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọmọ tuntun yẹn, ọmọ-ọmọ rẹ. Mo bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé kí wọ́n gún ọmọ náà ni?" Ó ní kò tíì dàgbà tó. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwa tó yí i ká la máa gbà á fún un. Ṣé o gbọ́? A máa gbà á fún un. Àti ìwọ tó ń lọ, àti ìyá rẹ̀, àti èmi tí wọ́n máa ń gbé e lé lẹ́sẹ̀. Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń rò ó pé ta ló kù, ta ló kù.

Ayé ti yí padà, Àṣàkẹ́. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ ní láti sá fún un. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ìyá kan bí ọmọ, ó tì í mọ́ ẹ̀yìn àga. Ìyá àgbà kan nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ ní in, ẹ sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Kí lo wí? …Abẹ́rẹ́ náà wà ní Ọ̀yọ́ níbí o. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní i, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Nọ́ọ̀sì ní ti àgbàlagbà bíi tèmi tilẹ̀ ṣe kókó jù. Ó ní kí n wá nígbàkigbà. Ìwọ ni mò ń dúró dè.

Nawọ́ ìborùn mi sí mi. Dá kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, sọ fún un pé arúgbó wà níbẹ̀, kó má sá eré. Má wojú mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ò kúkú tíì kúrò lára rẹ láti kékeré. Bí a bá débẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ na apá sílẹ̀.